Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ńkọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni lẹ́tà ti ń wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì pọ̀ jù nínú wọn: àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lẹ́yìn kíláàsì tàbí nígbà ìsinmi, láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ọgbọ́n ìgbé-ayé. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ Home Economics kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà náà.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ń lọ sí SS2. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn yóò ṣe ètò ọlọ́sẹ̀ kan ní oṣù kẹjọ, ₦25,000 ni owó rẹ̀, iṣẹ́ méjìlá ni wọn yóò sì kọ́ wọn láàárín ọjọ́ márùn-ún. Owó yẹn gan-an ni mo ti tọ́jú fún lẹ́sìn ìṣirò, torí 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó lọ síbi ètò náà. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi sọ pé aago mẹ́sàn-án ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò tú ká. Ẹ yọ wákàtí kan fún àdúrà àti oúnjẹ, ó ku mẹ́rin lójúmọ́, ó di ogún láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wá pín ogún wákàtí sí iṣẹ́ méjìlá: wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ṣe ọṣẹ rí mọ̀ pé kí wọ́n tó to nǹkan sórí tábìlì, kí wọ́n pín ìbọ̀wọ́, kí wọ́n kìlọ̀ nípa sódà tó ń jó ọwọ́, ìdajì àkókò yẹn ti lọ. Ẹ̀yìn orí ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ ni ọmọ yín yóò máa wò.

Mo mọ̀ ọ́n torí pé èmi náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún kan, a kó ọmọ 80 jọ sínú gbọ̀ngàn, a pe obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì. Kéèkì kan ṣoṣo ló ṣe. Àwọn tó wà níwájú rí i, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ òórùn rẹ̀. A gé e wẹ́wẹ́, ó kan kálukú bí èékánná, a ya fọ́tò, a pín ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo bi wọ́n pé kí ni obìnrin yẹn kọ́kọ́ pò pọ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ló rántí pé bọ́tà àti ṣúgà ni. Ó dùn mí wọra, torí èmi ni mo ṣètò rẹ̀, owó àwọn òbí ni mo sì gbà.

Nítorí náà, ẹ má tíì san owó yẹn. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ẹ bi í pé ọmọ mélòó ni yóò wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan, àti pé ṣé ọwọ́ ọmọ yín fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè èyí tó jẹ mí lógún jù: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ńkọ́? Bí ọmọ bá fẹ́ràn ohun tó kọ́, níbo ni yóò ti máa ṣe é nìṣó, lọ́dọ̀ ta ni? Bí ọ̀gá bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ san án. Bí kò bá rí, ẹ tọ́jú owó yín.

Ní ti ìṣirò, 41 kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Kí ó lọ sí lẹ́sìn ní òwúrọ̀, wákàtí méjì tó fún ọmọ tó wà nínú ìsinmi. Kí ọ̀sán wá jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́, lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan ṣoṣo ní àdúgbò yín, fún gbogbo ìsinmi náà. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn jà bí ẹ ṣe rò. Mo ní ọmọbìnrin kan ní JSS3 tí ìṣirò ìdá-nínú-nǹkan kò yé rárá, títí ọjọ́ tí a gé síkẹ́ẹ̀tì. Íǹṣì 28 ni ìbàdí ẹni tí a fẹ́ rán an fún. Mo ní kó pín in sí mẹ́rin, kó fi ààbọ̀ íǹṣì kún un fún ojú rírán. Ó na téèpù, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, “Màá, méje àti ààbọ̀!” Ohùn tó fi sọ ọ́ ṣì wà létí mi.

Ohun kan kù. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́, ẹ kò sọ ohun tí ọmọ fẹ́. Ẹ bi í. Ẹ má bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe lọ́jọ́ ọ̀la, “dókítà” ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ta ló máa ń dúró sí nígbà tó bá ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Kò sí ọmọ tí kì í dúró níbì kan.

Ẹ kú iṣẹ́, Màá. Ọdún kejì mi rèé nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ìwó. Pírínsípà ti fún mi ní pírí́ọ́dù méjì tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú àwọn SS1, pé kí n máa fi kọ́ wọn ní ohun tí yóò wúlò fún wọn láyé. Ọmọ 60 ni wọ́n. Kò sí kọ́bọ̀. Yàrá tí wọ́n ń pè ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti kún fún àga tó kán. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Olùkọ́ ọjọ́ Ẹtì, Ìwó.

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò dúró tì yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, torí mo mọ yàrá àga kíkán yẹn.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SS, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ní gbogbo ọmọ JSS yóò kọ́ Introductory Technology, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dé láti òkè òkun. Ní ibi púpọ̀, inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n wà tí wọ́n fi dípẹtà, torí kò sí iná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Ní 2011, wọ́n tún kó iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ètò ẹ̀kọ́ SS, pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò wọn ní 2014. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, orí bọ́ọ̀dù ni a ti kọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó mú oúnjẹ sísè kọ nóòtì kún ìwé méjì, kò sí èyí tó fọ́ ẹyin kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa láti SS1 títí dé SS3. Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé, mo sọ ọ́ títí, wọ́n ní owó kò sí. Nítorí náà, ẹ má dúró de yàrá, ẹ má sì dúró de owó. Bí igi máńgòrò bá wà nínú ọgbà yín, abẹ́ rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú mi fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo níbí. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí “ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀”, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe di ti wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà fún ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, Georgina Beier, ayàwòrán tó di ìyàwó Ulli, ló sì darí ti 1964. Àwọn tó wá kò ka ìwé àwòrán kankan rí. Jímọ̀ Buraimoh ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven ń jó kiri fún ẹni tó ń ta oògùn. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí, wà nínú ẹgbẹ́ eré náà. Gbogbo wọn di ẹni tí ayé mọ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé idán ni, pé wọ́n fi ọ̀dà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì di olórúkọ. Èmi kì í gbà. Nígbà tí ọjọ́ díẹ̀ yẹn parí, ilẹ̀kùn kò tì. Wọ́n ń padà sílé àwọn Beier, wọ́n ń rí ọ̀dà lò, wọ́n ń rí ẹni tí yóò wo iṣẹ́ wọn, tí yóò sì sọ òótọ́ fún wọn. Ohun tí ẹ ní tí ìyá Ìbàdàn òkè yìí kò rí rà ni èyí: gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ yín yóò máa bá yín níbẹ̀. Pírí́ọ́dù méjì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan ju ọ̀sẹ̀ kan aláriwo lọ.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, n kò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan. Bébà ni n óò pín, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ tí ìyá, bàbá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe, àti ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Láàárín ẹbí ọmọ 60, ẹ kò ní ṣàì rí télọ̀, káfíńtà, onídìrí, nọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn ni olùkọ́ yín. Ẹ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin péré ni ẹ fẹ́. Oníṣẹ́ tí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ pè sínú ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ dìde kí ní “Ẹ káàsán, sà,” yóò tún padà wá. Mo ti rí káfíńtà tó wẹ̀, tó wọ bùbá funfun wá kọ́ àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń fi ayùn gé pákó.

Ẹ pín àwọn ọmọ sí márùn-ún, méjìlá-méjìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan, kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Sáà ọlọ́sẹ̀ méjìlá yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ mẹ́ta. Ó kéré létí, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó kéré bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi àdìrẹ oníko ṣe ọ̀kan nínú wọn, torí owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọmọ. Téru funfun tó ti gbó nílé, òwú tàbí ìko, àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ẹ nílò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ́ dídì: èyí tí wọ́n bá di òkúta sí nínú yóò di òbíríkítí, èyí tí wọ́n bá ṣẹ́ po kí wọ́n tó dì yóò di ìlà. Kí ọmọ di tirẹ̀, kó tú u, kó tún un dì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí aláró wá. Ibi aró yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan sódà. Àgbà ni kó pò ó, ní ìta gbangba, nínú ike, kì í ṣe nínú ìkòkò alumíníọ́mù tí sódà ń jẹ. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lójú. Nígbà tí aṣọ bá jáde nínú aró, tí afẹ́fẹ́ kàn án, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí dúdú àdìrẹ lójú wọn báyìí, ẹ wo ojú àwọn ọmọ yẹn.

Èkejì, kí nọ́ọ̀sì wá kọ́ wọn ní ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ilé wa kún fún ìwà àtijọ́ tó ń pa ọmọ lára: iná jó ọmọ, wọ́n fi epo pupa pa á, tàbí ẹyin tútù, tàbí ọṣẹ ìfọyín. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi ojú iná náà sí fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ kékeré nílé, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n fọwọ́ ré orí rẹ̀, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pò ó, kó tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kó dà á nù, kó tún un pò. Ọmọ SS1 ló sábà máa ń wà nílé pẹ̀lú àwọn àbúrò nígbà tí ìyá bá lọ ọjà, òun ni ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí jù.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ fúnra wọn yàn án. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlù lílù ni wọ́n mú.

Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ọmọ ọdún 15 ni mí, SS1 ni mo wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n pín wa sí iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́: àwọn obìnrin sí irun àti aṣọ, àwọn ọkùnrin sí sólà àti àtúnṣe fóònù. Sólà ni mo fẹ́. Olùkọ́ ní kí n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi náà ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gun òrùlé. — Ọmọ yín, Abẹ́òkúta.

Ọmọ mi, o káre tó o kọ̀wé. Ẹ̀tọ́ rẹ lò ń béèrè. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025/2026, iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀: sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ohun ọ̀gbìn. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan pé ti ọkùnrin ni èyí, ti obìnrin ni ìyẹn. Padà lọ bá olùkọ́ rẹ, kúnlẹ̀ kí i, kí o sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn.

Ti bàbá rẹ, má gbé ìjà lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iṣẹ́ obìnrin ni aró. Lọ sí Ìtòkú ní ìlú yín níbẹ̀ lónìí, wàá bá ọkùnrin nídìí aró, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ta ni yóò fẹ́ wọn. O lè sọ ìyẹn fún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣiṣẹ́ jù ni kó rí ọ lẹ́nu iṣẹ́. Mú ìwé àti bírò, ka gbogbo ohun tó ń lo iná nílé yín. Gílóòbù márùn-ún, wáàtì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó di 50. Fáànù kan, bí wọ́n bá kọ 60 sí i lára. Tẹlifíṣàn, bóyá 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 190. Bí ẹ bá ń lò wọ́n fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, ìlọ́po márùn-ún 190 jẹ́ wáàtì-wákàtí 950. Ohun tí bátìrì yín gbọ́dọ̀ lè gbé sílẹ̀ lóru kan nìyẹn, ó sì yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má baà gbẹ tán. Nígbà tí bàbá rẹ bá ti jẹun tán, gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, kó o ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Bàbá tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ yóò fetí sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan, kí n tó fi ọ́ sílẹ̀: kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa pánẹ́ẹ̀lì sólà. Bí oòrùn bá ti ń ràn sí i, iná wà nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n da nǹkan bò ó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kó o ti kọ́ ọ fún ọdún àkọ́kọ́, lọ́dọ̀ àgbà. Òrùlé ṣì ń dúró dè ọ́. Kọ̀wé sí mi nígbà tó o bá tan gílóòbù àkọ́kọ́.

Màmá, ẹ gbà mí. Mo san owó kí ọmọbìnrin mi lè kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ títò ní ọdún tó kọjá. Sàtífíkéètì wà lára ògiri, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo rà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ mi ni? — Bàbá rẹ̀, Ìkòròdú.

Bàbá rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ta ló mú ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin tàbí òun? Ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ó sì jọ pé mo mọ ìdáhùn. Ó lọ, ó kọ́ ọ parí, ó mọ̀ báyìí pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe tòun. Ìmọ̀ nìyẹn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ogún ọdún kí wọ́n tó ní irú rẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Tàbí bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a jókòó tò ó lẹ́yìn tí ètò náà parí. Ẹ jókòó tì í ní ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tò ó, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bó bá tú ká, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tú ká, ẹ má bá a jà. Ẹ di ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí. Olùkọ́ kan wà ní Ìwó tí àwọn ọmọ 60 rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́.